Míǹtì Wo Ló Wà Lọ́gbà Yín?

Tí ẹ bá rán ènìyàn mẹ́ta níṣẹ́ ewé míǹtì ní Kàbbà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú ewé mẹ́ta tí kò jọra bọ̀ wálé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìsánlú di tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó fi rán awakọ̀ sí mi: ewé tó nípọn, tó ní irun wẹ́wẹ́ lára, tí òórùn rẹ̀ sì jọ ti tayímù tí a ń fi sínú ọbẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ nítòsí wa já tirẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ní, "Ọmọ mi, míǹtì rèé, òun la fi ń se ọbẹ̀ ata." Efínrín ni. Ọmọ àbúrò mi ló lọ sọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta èròjà tíì, ó ra ìdì ewé tútù kan tí wọ́n ń pè ní na'ana'a. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ọmọ yìí nìkan ni míǹtì.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Orúkọ ló dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Ewé tó bá ti ń ta sánsán, tí a sì ń fi sínú tíì, míǹtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Bí ẹ bá sì wá rí míǹtì tòótọ́, ẹ ó tún rí i pé òun náà kì í ṣe ẹyọ kan. Láti ìgbà tí mo ti ń gbin ewé yìí lẹ́yìn ilé, ìbéèrè tí àwọn ará àdúgbò máa ń bi mí kò ju mẹ́ta lọ: kí ló dé tí peppermint tí wọ́n gbìn kò fi tutù lẹ́nu, kí ló dé tí míǹtì méjì tí wọ́n gbìn síbì kan náà fi di ọ̀kan, kí ló dé tí ó fi gbẹ nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá mọ ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rí ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ nínú wọn, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìdílé kan náà, ọmọ púpọ̀

Efínrín, míǹtì, ewé tó nípọn tó wá láti Ìsánlú, tayímù inú ike, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìdílé náà ní Lamiaceae. Ẹ fi ìka méjì yí ọ̀pá efínrín wò: kò rí roboto, igun mẹ́rin ló ní. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí míǹtì, igun mẹ́rin náà ni. Ewé wọn a sì máa yọ ní méjì-méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí méjì tó kàn tún dojú kọ ọ̀nà mìíràn. Ìdí nìyí tí ojú fi máa ń tan ènìyàn jẹ. Igun mẹ́rin yẹn kò tó láti fi sọ pé míǹtì ni. Ohun tó sọ kò ju pé ìdílé náà ni ewé ọ̀hún ti wá.

Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni ìrìn wọn. Efínrín ń lọ sókè, ìdí rẹ̀ a máa le di igi, yóò sì yọ òdòdó gígùn lórí tí èso wẹ́wẹ́ máa ń jábọ̀ láti inú rẹ̀. Ewé tó nípọn yẹn, tí àwọn kan ń pè ní míǹtì nítorí òórùn rẹ̀, a máa ṣẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ gbúre, omi á wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Òmíràn tún wà tí òórùn rẹ̀ dà bí Vicks gan-an, ewé rẹ̀ kéré, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ bí aṣọ àrán. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì sábà máa ń fi orúkọ míǹtì tà á. Ewé tó dára ni gbogbo wọn, mo ní méjì nínú wọn lọ́gbà. Wọn kì í kàn ṣe míǹtì ni.

Míǹtì tòótọ́, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ewéko jẹ́ Mentha, ní ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn kékeré. Ohun tó sì yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ń rá. Ó máa ń na okùn funfun lábẹ́ ilẹ̀, ó máa ń na òmíràn lórí ilẹ̀ bí ìtàkùn ànàmọ́, gbogbo oríkèé tó bá sì kan ilẹ̀ á ta gbòǹgbò, á di igi tuntun. Tí ewé kan bá ti wà lọ́dọ̀ yín fún oṣù mẹ́fà tí kò rá lọ síbì kankan, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu ṣe ìyókù

Nínú Mentha fúnra rẹ̀, méjì ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ gbìn ín sílé: spearmint àti peppermint. Na'ana'a tí àwọn Hausa ń tà, tí wọ́n ń bù sínú tíì, spearmint ni. Ìbátan rẹ̀ ni èyí tí àwọn ará Morocco fi ń po tíì wọn.

Ẹ já ewé kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá fa èémí wọlé láti ẹnu. Tó bá jẹ́ pé adùn ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́, tí òórùn rẹ̀ rán yín létí ṣíngọ́ọ̀mù, tí òtútù rẹ̀ kò sì tó nǹkan, spearmint ni. Tí ẹnu bá kọ́kọ́ ta yín díẹ̀, tí èémí tí ẹ fà wá tutù wọnú ọ̀fun bí ìgbà tí ẹ lá Tom Tom, peppermint ni. Ẹ tún wo ibi tí ewé ti so mọ́ ọ̀pá: ewé spearmint fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọrùn, ó jókòó sára ọ̀pá, ti peppermint ní ọrùn kúkúrú, ọ̀pá rẹ̀ sì sábà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Òtútù yẹn kì í ṣe òtútù gidi. Omi tíì lè gbóná kí ó sì máa tutù lẹ́nu yín bákan náà. Menthol, èròjà kan tó wà nínú òróró peppermint, ló ń ṣe é. Iṣan ìmọ̀lára wa ní ohun kan tó dà bí ìlẹ̀kùn tí òtútù máa ń ṣí, kí ọpọlọ lè gbọ́ pé nǹkan tutù. Menthol náà ní kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn yìí. David Julius àti Ardem Patapoutian, tí olúkúlùkù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà, lo menthol láti fi rí ìlẹ̀kùn náà, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2021 fún iṣẹ́ wọn lórí bí ara ṣe ń mọ ooru, òtútù àti ìfọwọ́kàn. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo mọ̀ pé ewé tí a ń já lẹ́yìn ilé wà nínú ìtàn yẹn. Spearmint kò fi bẹ́ẹ̀ ní menthol. Carvone ni èròjà tó pọ̀ nínú òróró tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn ju kí ó tutù lọ. Nítorí náà, ẹni tó gbin spearmint tó sì ń retí òtútù, ewé rẹ̀ kò ṣàìsàn. Ohun tí kò ní ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Peppermint kì í ti inú èso wá

Èyí ló ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù owó. Mo ra páálí èso kan lẹ́ẹ̀kan, peppermint ni wọ́n kọ sára rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì dára. Mo fọ́n ọn, ó hù, mo tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Nígbà tí mo já ewé rẹ̀ tọ́ wò, òórùn díẹ̀ wà, òtútù kò sí rárá. Mo rò pé ilẹ̀ mi ni kò dára. Ilẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ wo ìbaaka. Akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti abo ẹṣin ló ń bí i, ó lágbára, ó ń ru ẹrù, ṣùgbọ́n kì í bímọ. Ìbaaka inú míǹtì ni peppermint. Spearmint ni òbí rẹ̀ kan; òbí kejì ni Mentha aquatica, míǹtì kan tó ń hù létí odò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn méjèèjì pàdé, peppermint jáde. Nígbà tí Carl Linnaeus, ará Sweden tó ń fún ewéko ní orúkọ, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1753 láti ara èyí tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kà á sí ẹ̀yà tó dá dúró. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá mọ̀ pé àdàlù ni. Ó máa ń yọ òdòdó, ṣùgbọ́n òdòdó náà kì í sábà mú èso jáde. Ẹni tó bá fẹ́ peppermint gidi gbọ́dọ̀ gé e lára peppermint mìíràn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́. Èso tí wọ́n ń tà ní orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ spearmint tàbí àdàlù tí kò ní orúkọ.

Spearmint ní tirẹ̀ ń so èso tó ń hù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í jọ ìyá délẹ̀. Ẹni tó bá ní oko kajú yóò tètè yé. Ẹ mú hóró kajú lábẹ́ igi tó ń so ńláńlá, ẹ gbìn ín, ọmọ tó hù lè máa so wẹ́wẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ yàtọ̀ sí ìyá, ẹ̀ka ló máa ń mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni míǹtì. Tí ẹ bá rí èyí tí adùn rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ní Mọ̀pà tàbí ní Ìyàrá, ẹ tọrọ ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ̀ka mẹ́ta yẹn sàn ju ọgọ́rùn-ún èso lọ.

Ṣé míǹtì máa ń jí òórùn ara wọn?

Ìgbàgbọ́ kan wà pé tí ẹ bá gbin spearmint àti peppermint sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, òórùn wọn á pò, wọn á di ọ̀kan. Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Okun ló ti rí i pé tí a bá gbin àgbàdo funfun nítòsí àgbàdo pupa, ọmọ funfun àti ọmọ pupa á wà lára ṣùkù kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó: kí ni a ń jẹ lára àgbàdo? Èso ni. Ìyẹ̀fun òdòdó tí afẹ́fẹ́ gbé wá ló bá wọn dá ọmọ yẹn, ara ọmọ náà ló sì ti hàn. Ewé àgbàdo kò yí padà, igi rẹ̀ kò yí padà. Ewé ni a ń já lára míǹtì. Kòkòrò oyin lè gbé ìyẹ̀fun láti ara ọ̀kan lọ sára èkejì láàárọ̀ títí dalẹ́, ewé tó wà lórí igi náà kò ní gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kí ló wá fà á tí ẹni tó gbin méjì fi ń rí ọ̀kan lẹ́yìn ọdún kan? Okùn abẹ́ ilẹ̀ ni. Spearmint lágbára lọ́dọ̀ wa, ó máa ń rá wọ àárín peppermint, á bò ó mọ́lẹ̀, á gba oòrùn àti omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ máa rò pé peppermint ti pa òórùn dà, àṣé spearmint ni ẹ ń já. Tí ẹ bá tún jẹ́ kí spearmint so, kí èso rẹ̀ sì jábọ̀ síbẹ̀, àwọn ọmọ tí a kò mọ bàbá wọn á hù sí àárín. Oògùn ọ̀rọ̀ yìí kò le: ẹ fún olúkúlùkù ní ike tirẹ̀, kí ẹ sì gé òdòdó kí ó tó so. Àwọn ike náà lè fara kan ara wọn, kò burú. Mo máa ń gé ike pẹ́ǹtì tàbí kẹ́ẹ̀gì òróró, mo sì ń fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sí ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e ka orí bíríkì, nítorí mo ti rí okùn míǹtì tó gba ihò ìdí ike jáde, tó sì wọ ilẹ̀ lọ. Kí ẹ sì kọ orúkọ sára ike. Ẹ máa rò pé ẹ ó rántí. Ẹ kò ní rántí.

Ẹ má ṣe gbin míǹtì sílẹ̀ gbalaja láàárín ẹ̀fọ́ tàbí ata. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fi ọdún méjì hú u.

Bí a ṣe ń mú un gbilẹ̀ níbí

Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ló dára jù. Tí ẹ kò bá rí ẹni tó ní i lọ́gbà, ẹ ra ìdì na'ana'a tútù lọ́jà, kí ẹ yan àwọn ọ̀pá tí kò tíì rọ, tí kò sì tíì yọ òdòdó. Ẹ gé e ní gígùn ìka ọwọ́, lábẹ́ oríkèé gan-an, nítorí oríkèé ni gbòǹgbò ti ń jáde. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí méjì sí mẹ́rin ṣẹ́ kù lórí, ẹ fi í sínú ife omi, kí ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti ta sí i. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì-méjì kí ó má bàa rùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ó rí gbòǹgbò funfun. Tó bá ti gùn tó ìdajì ìka, ẹ gbé e sínú ilẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú omi máa ń ṣòro láti bá ilẹ̀ mu.

Ilẹ̀dú ni míǹtì fẹ́, èyí tó ń mu omi tó sì ń jẹ́ kí àjẹkù omi ṣàn lọ. Mo máa ń po ilẹ̀dú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pátápátá, mo sì ń fi iyanrìn odò díẹ̀ sí i. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò rẹ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó tó pọ̀ jù náà kò dára: ewé á tóbi, á tutù yọ̀yọ̀, òórùn á dínkù, àrùn á sì tètè mú un. Ẹni tó ń gbin míǹtì nítorí òórùn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó yó jù.

Ní ti oòrùn, ohun tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn páálí láti òkè òkun kì í ṣe tiwa. Wọn á ní kí ẹ gbé e sínú oòrùn gbangba. Oòrùn tiwọn ni wọ́n ń sọ. Oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ wa nínú oṣù kejì àti ìkẹta á jó o ráúráú. Ìlà oòrùn ilé ni mo kó tèmi sí, kí oòrùn àárọ̀ lè bà á títí di bí aago mọ́kànlá, kí ògiri ṣíji bò ó lọ́sàn-án. Abẹ́ igi máńgòrò náà dára, bí òjìji rẹ̀ kò bá ṣú jù.

Nǹkan kan wà nípa peppermint tí inú mi ì bá dùn ká ní ẹnìkan ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ewéko tó ń ka wákàtí ìmọ́lẹ̀ ni. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín fún òróró, bí ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ọjọ́ a máa gùn tó wákàtí 15 nígbà ooru, gígùn ọjọ́ yẹn ló sì ń sọ fún un pé kí ó nàró kí ó sì yọ òdòdó. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọjọ́ tó gùn jù láàárín ọdún, nínú oṣù kẹfà, kò ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ àti ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Nítorí náà, peppermint ní Kàbbà kì í fẹ́ ga. Ó máa ń rá nílẹ̀ ni, á máa na okùn kiri, kò sì ní fẹ́ yọ òdòdó. Kò ṣàìsàn. Òtútù rẹ̀ náà lè má tó ti ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó ju ti spearmint lọ dáadáa. Ẹ fún un ní ike tó fẹ̀, tí kò jìn púpọ̀, kí ó rí ibi rá sí.

Spearmint kò ní wàhálà yẹn. Òun ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbìn. Tí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, ẹ lè wá peppermint, tàbí irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní chocolate mint, tí ọ̀pá rẹ̀ pọ́n ṣúṣú, tí òórùn rẹ̀ sì rán àwọn kan létí ṣokoléètì. Apple mint ní ewé roboto tó ní irun púpọ̀; irun yẹn ń gba omi dúró, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí òjò oṣù kẹsàn-án máa rọ̀ lé e lórí lójoojúmọ́. Pineapple mint ni ìbátan rẹ̀ tí etí ewé funfun, ó rẹwà, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹ̀ka kan á yọ tí kò ní funfun lára. Ẹ tètè gé ẹ̀ka náà kúrò, nítorí ó lágbára ju àwọn yòókù lọ, á sì gba gbogbo ike.

Ẹyọ kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbìn fún jíjẹ. Pennyroyal ni orúkọ rẹ̀. Míǹtì ni, ewé rẹ̀ kéré, ó ń rá bí àwọn yòókù, òórùn rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ pulegone, májèlé ni fún ẹ̀dọ̀. Òróró rẹ̀ ti pa ènìyàn rí, aboyún kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án rárá. Tí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní míǹtì tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bù ú sínú ife.

Jíjá, sísá àti mímu

Àárọ̀, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, ni òórùn rẹ̀ máa ń dára jù. Ẹ má ṣe máa já ewé kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Ẹ gé orí ẹ̀ka lókè oríkèé, ẹ̀ka méjì á yọ níbi tí ẹ gé. Bí ẹ ṣe ń gé e tó ni yóò ṣe máa dí. Kí ẹ kàn má gé ju ìdajì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú òjìji ni ká ti sá a. Oòrùn á gbé òróró rẹ̀ lọ, koríko lásán ni yóò ṣẹ́ kù fún yín. Bákan náà, tí ẹ bá da omi gbígbóná lé e, ẹ fi ọmọrí bo ife náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá: òórùn tí ẹ ń gbọ́ nínú ilé nígbà tí ife bá ṣí sílẹ̀, òróró tó yẹ kí ẹ mu ló ń bá ooru omi lọ. Nínú sóbò, ẹ jẹ́ kí sóbò tutù tán kí ẹ tó fi ewé tútù sí i. Èmi fẹ́ràn spearmint nínú sóbò ju peppermint lọ, nítorí peppermint máa ń bo adùn yòókù mọ́lẹ̀.

Ẹni tí àyà bá ń ta lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó ṣọ́ra fún tíì peppermint, nítorí ó máa ń dẹ ẹnu ọ̀nà àpò oúnjẹ, kíkan inú á sì tún gòkè. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi òróró rẹ̀ tàbí ohun tí menthol pọ̀ nínú rẹ̀ pa imú tàbí ojú ọmọ ọwọ́. Ó lè dí èémí ọmọ.

Nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́

Nígbà òjò, ohun tí a ń ṣọ́ ni omi tó dúró sínú ike àti ìpẹtà. Ẹ máa yí ẹ̀yìn ewé wò. Bí ẹ bá rí tóótòòtó tó pọ́n bí ìpẹtà irin, àrùn olú kan tó ń jẹ́ Puccinia menthae ni. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ka tó mú, ẹ sun ún, ẹ má dà á sórí ààtàn ajílẹ̀. Ẹ má máa bu omi sórí ewé lálẹ́. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú sí. Tí ike kan bá ti dí jù, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà kọjá, àrùn yìí a sì máa fẹ́ràn ibẹ̀.

Ọyẹ́ ló ń pa míǹtì púpọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù kọkànlá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa fa omi inú ewé yára ju bí gbòǹgbò ṣe lè gbé e wá lọ. Ewé á máa ní àmì funfun wínníwínní, ẹ ó sì rí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀: kòkòrò kéékèèké kan tó jẹ́ ìbátan aláǹtakùn ló ń fa oje rẹ̀ mu. Ó fẹ́ràn ibi gbígbẹ, nítorí náà ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé láàárọ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, títí yóò fi lọ. Ẹ kó àwọn ike sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí síbi tí ògiri ti gba afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ inú wọn. Èmi máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ní àkókò yìí. Tí ó bá ti gbẹ dé oríkèé ìka kan, mo bu omi sí i.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ó lè gbẹ lójú yín. Nínú oṣù kejì, ọ̀kan nínú àwọn ike mi di igi gbígbẹ lásán, kò ku ewé kan ṣoṣo. Mo ti gbé e dé etí ààtàn kí n tó fi ọ̀bẹ wú ilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Okùn tí mo rí nísàlẹ̀ funfun, ó le, omi wà nínú rẹ̀. Mo gé gbogbo gbígbẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ dé ìwọ̀n ìka méjì, mo gbé e padà sí abẹ́ máńgòrò, mo sì ń bu ife omi kan sí i lójoojúmọ́. Lẹ́yìn òjò kejì nínú oṣù kẹta, èéhù mẹ́sàn-án ni mo kà tó yọ lójú ilẹ̀. Mo da ike náà dé, mo fi ọ̀bẹ pín gbòǹgbò rẹ̀ sí mẹ́rin, mo fi méjì rán ẹ̀gbọ́n mi sí Ìsánlú, mo gbé ọ̀kan fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó sì gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ efínrín rẹ̀.